Ta Ni Yóò Rántí? Yíyan Èdè Static Tàbí Dynamic fún Iṣẹ́ Kóòdù Ńlá

Yorùbá ni mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ tí ọmọ wa fi ń jẹun yẹ ní ohun tí ìyá àti bàbá rẹ̀ lè jókòó gbọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí iṣẹ́ kóòdù bá tóbi, tí ọwọ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀, tí a sì fẹ́ kí ó pẹ́, èdè wo ló yẹ kí a fi kọ ọ́: static ni, tàbí dynamic? Orúkọ tí àwọn ọmọ wa ní Yaba ń pe irú èdè méjèèjì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò máa pè wọ́n. Àlàyé wọn ń bọ̀ láìpẹ́.

N kò ní fi èsì mi pamọ́ dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé nínú iṣẹ́ ńlá, ìmọ̀ nípa irú ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan dúró fún kò gbọdọ̀ wà nínú orí ènìyàn nìkan. Ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ nínú kóòdù fúnra rẹ̀, lọ́nà tí ẹ̀rọ yóò fi lè yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ibẹ̀ ni yóò máa padà sí.

ÌPELE KÌN-ÍN-NÍ: Kí ni irú, kí sì ni iṣẹ́ ńlá?

Nínú ikùn kọ̀ǹpútà, kò sí owó, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ ìbí. Òdo àti oókan ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà A ńlá, nọ́ńbà 65 ni ẹ̀rọ ń tọ́jú. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ orí bàbá ẹni ọdún 65 síbẹ̀, nọ́ńbà 65 kan náà ló ń tọ́jú. Ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé lẹ́tà nìyí, tàbí pé nọ́ńbà nìyí, ni mo ń pè ní irú. Irú ló ń sọ ohun tí a lè fi nǹkan ṣe àti ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe. A lè fi 2 pín nọ́ńbà. A kò lè fi 2 pín orúkọ ènìyàn.

Àwọn kan máa ń sọ pé èdè dynamic kò ní irú. Ó ní. Ẹ wo Python. Bí oníbàárà bá kọ 5000 sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ni fọ́ọ̀mù náà máa ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà. Bí ètò bá wá fẹ́ fi owó iṣẹ́ 500 kún un, Python yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì sọ pé irú méjèèjì kò bára mu. JavaScript, tí òun náà jẹ́ dynamic, kò ní kọ̀. Yóò so méjèèjì pọ̀, yóò sì dá 5000500 padà. Ẹni tó yẹ kó san ₦5,500 yóò rí i pé wọ́n ń bi òun ní ₦5,000,500. Ẹ sì wo èdè C, tó jẹ́ static: ó gbà kí ẹni tó ń kọ ọ́ fi agídí pe irú kan ní irú mìíràn, kò sì ní dá a lẹ́kun. Nítorí náà, bí èdè ṣe le tó lórí irú jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ìgbà tó ń yẹ irú wò jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ìgbà ni ọ̀rọ̀ tiwa lónìí.

Èdè static ni èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ka gbogbo kóòdù látòkè délẹ̀ kí ètò tó ṣiṣẹ́ rárá, tó ń wò ó bóyá irú bá irú mu ní gbogbo ọ̀nà, títí kan ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà gbà. Java, Go, Rust, Kotlin àti C# wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Èdè dynamic ni èyí tó ń dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá dé orí ìlà náà gan-an kó tó wo irú. Python, JavaScript, Ruby, PHP àti Erlang wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Ẹ ronú sí ìlà kóòdù tó ń ṣírò èlé ìparí ọdún ní báńkì kan. Ọjọ́ kan péré lọ́dún ló ń ṣiṣẹ́. Bí irú kò bá bára mu níbẹ̀, èdè static yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a kọ ọ́, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ṣì jókòó síwájú rẹ̀. Èdè dynamic yóò sọ ọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, lóru, àfi bí ẹnìkan bá ti kọ ìdánwò tó gba ibẹ̀ kọjá.

Kò sí èyí tó jẹ́ àjèjì nínú ọ̀nà méjèèjì. Ní 1957 ni John Backus àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé FORTRAN jáde. Nínú rẹ̀, orúkọ tó bá fi èyíkéyìí nínú lẹ́tà I títí dé N bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà odidi, àwọn yòókù jẹ́ nọ́ńbà onídẹ́símà. Ẹ̀rọ ti mọ irú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní MIT, John McCarthy bẹ̀rẹ̀ Lisp, tó fi irú sára ohun tí orúkọ gbé dání, kì í ṣe sára orúkọ. Nígbà tó di 1978, Robin Milner ní Yunifásítì Edinburgh tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ẹ̀rọ lè fúnra rẹ̀ mọ irú láti inú bí a ṣe lo orúkọ, láìjẹ́ pé a ń kọ irú sílẹ̀ níbi gbogbo. Mo tẹnu mọ́ iṣẹ́ Milner nítorí ẹ̀sùn tí a máa ń fi kan static, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn náà bá Java ayé àtijọ́ wí. Bí ẹ bá kọ Kotlin tàbí Rust lónìí, ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú irú tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ló bá yín mọ̀ ọ́n.

Ó ku ohun tí mo ń pè ní iṣẹ́ ńlá. Iye ìlà kọ́, iye oníbàárà náà kọ́. Iṣẹ́ di ńlá lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹnìkan ṣoṣo mọ́ tó mọ gbogbo rẹ̀. Ìlà 20,000 tí ẹnìkan kọ, tó sì ń tọ́jú fúnra rẹ̀, lè jẹ́ iṣẹ́ kékeré. Ìlà 5,000 tí ènìyàn 12 ti fọwọ́ kàn, tí 9 nínú wọn ti lọ, ti di iṣẹ́ ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ìtumọ̀ yìí mú ṣinṣin, nítorí òun ni n óò fi wọn gbogbo ẹ̀rí tó ń bọ̀.

ÌPELE KEJÌ: Ẹ̀tọ́ èdè dynamic

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu dynamic.

Àwọn iléeṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ kò fi static bẹ̀rẹ̀. PHP ni wọ́n fi kọ Facebook ní 2004. Ruby ni Twitter fi bẹ̀rẹ̀ ní 2006, òun náà ni GitHub lò ní 2008. Python ni ti Instagram ní 2010. Ìdí rẹ̀ kò le. Nígbà tí ènìyàn kò tíì mọ ohun tí òun ń kọ́, tó jẹ́ pé ohun tó kọ lánàá ni yóò wó lónìí, kíkọ irú sára ohun tí kò ní gbé di ọ̀la jẹ́ làálàá lásán. Guido van Rossum gbé Python jáde ní 1991 kí iṣẹ́ lè yá. Brendan Eich kọ JavaScript àkọ́kọ́ fún Netscape láàárín ọjọ́ 10 nínú oṣù Karùn-ún 1995. Èdè méjèèjì yìí ti kọ́ àìmọye ọmọ ènìyàn ní iṣẹ́ tó ń bọ́ ìdílé wọn, títí kan ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré wọn.

Ẹlẹ́rìí tó lágbára jù fún dynamic ni WhatsApp. Erlang ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè tí Joe Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ní iléeṣẹ́ Ericsson, ní Sweden, fún ẹ̀rọ tẹlifóònù tí kò gbọdọ̀ kú. Nígbà tí Facebook kéde ní oṣù Kejì 2014 pé òun yóò fi bílíọ̀nù 19 dọ́là ra WhatsApp, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 450 ló ń lò ó lóṣooṣù, ẹnjiníà 32 péré ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun ńlá kò ṣeé fi èdè dynamic kọ́, WhatsApp ti já a nírọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìtumọ̀ wa. Oníbàárà WhatsApp pọ̀ bí èèrùn. Ọwọ́ tó wà nínú kóòdù rẹ̀ kò pọ̀. Ẹnjiníà 32 lè mọ ara wọn lórúkọ. Ẹni tí nǹkan bá rú lójú lè bi ẹni tó kọ ọ́ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ìrántí ènìyàn ṣì gbà á. WhatsApp fi hàn pé èdè dynamic lè gbé ẹrù wíwúwo; kò fi hàn pé ó lè gbé ọwọ́ púpọ̀.

Ẹ̀rí àwọn olùwádìí náà wà, òótọ́ sì ni pé kò gbe ẹnì kankan tán. Ní 2010, Stefan Hanenberg ní Jámánì kó ènìyàn 49 jọ, ó sì fún wọn níṣẹ́ kan náà nínú èdè tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, àwọn kan lo apá static, àwọn kan lo apá dynamic. Kò rí i pé static mú àwọn tó lò ó tètè parí iṣẹ́. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Davis wo iṣẹ́ kóòdù 729 lórí GitHub, wọ́n sì kéde pé static ń dín àṣìṣe kù díẹ̀. Ní 2019, àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, ọ̀pọ̀ nínú àbájáde àkọ́kọ́ kò sì dúró.

Ṣé ẹjọ́ mi ti tú nìyẹn? Rárá. Ẹ wo ohun tí ìwádìí 2010 wọ̀n: ẹnìkan ṣoṣo, iṣẹ́ tuntun, kóòdù tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ. Kò sí ẹni tó lọ, kò sí ẹni tó gbàgbé, kò sí kóòdù ẹlòmíràn. Ìbéèrè tiwa kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí Hanenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé kóòdù ẹlòmíràn tí kò ní àlàyé fún àwọn olùkópa nínú ìwádìí mìíràn, irú ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Olùwádìí kan náà ni, ibi tó gbé òṣùwọ̀n sí ló yàtọ̀. Ibi tí kóòdù bá ti di ti ẹlòmíràn ni irú ti ń wúlò jù, iṣẹ́ ńlá sì ni ibi tí gbogbo kóòdù ti jẹ́ ti ẹlòmíràn.

ÌPELE KẸTA: Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dropbox

Nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo mọ̀, ti Dropbox ló wọ̀ mí lára jù, nítorí pé ẹni tó ni Python gan-an ni a ó bá níbẹ̀.

Dropbox bẹ̀rẹ̀ ní 2007, Python ni wọ́n sì fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ti orí sáfà àti ti orí kọ̀ǹpútà oníbàárà. Ní 2013, Guido van Rossum fúnra rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Ní ọdún kan náà, Jukka Lehtosalo, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, wá sí ìpàdé PyCon ní Santa Clara láti ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ mypy. Èdè ọ̀tọ̀ tó jọ Python ni mypy nígbà náà, ó sì fẹ́ kí irú máa wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá fẹ́. Guido bá a sọ̀rọ̀, ó sì rọ̀ ọ́ pé kó má ṣe dá èdè sílẹ̀, kó jẹ́ kí mypy máa ka Python lásán. Lehtosalo gbà. Lẹ́yìn náà ni òun pẹ̀lú wá sí Dropbox. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, Python 3.5 jáde pẹ̀lú ìlànà PEP 484, tí àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá ń kọ Python ti ní ọ̀nà kan pàtó láti sọ pé orúkọ yìí nọ́ńbà ni, èyí ọ̀rọ̀ ni, function yìí (apá kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) yóò sì dá àkójọ ọjọ́ padà.

Nígbà tó fi máa di 2019, ìlà Python tó tó mílíọ̀nù 4 ni mypy ń yẹ̀ wò ní Dropbox. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn fa ojú yín kúrò lára ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Nínú ìròyìn tí wọ́n kọ lọ́dún náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu kàn kì í ṣe àṣìṣe tó ń bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kóòdù ti le láti yé ẹni tó ń kà á. Ẹnjiníà á ṣí function kan, á rí orúkọ kan nínú àkámọ́, kò sì ní mọ̀ bóyá nọ́ńbà ni tàbí ọ̀rọ̀, bóyá ó lè ṣófo. Kó tó yí ìlà kan padà, á kọ́kọ́ wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é. Bí kóòdù bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí ìwádìí náà ń gùn sí i. Ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyí, láti ẹnu àwọn tó fara gbá a: ìrántí ènìyàn ló kọ́kọ́ yẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí àlàyé ọ̀rọ̀ lásán tí a ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù tó? Kò tó. Ẹ̀rọ kì í ka àlàyé bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá yí function padà tó gbàgbé láti tún àlàyé rẹ̀ ṣe, kò sí ohun tí yóò pariwo. Irú tí mypy ń yẹ̀ wò kò lè purọ́ pẹ́, nítorí lọ́jọ́ tí kóòdù bá yà kúrò lára rẹ̀ ni iṣẹ́ yóò dúró.

Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí. Nígbà tí bàbá wà láyé, òun ló mọ̀ pé ààlà gba ibi pèrègún tó wà lẹ́bàá odò, pé ó sì yà sọ́tùn-ún níbi àpáta. Kò sẹ́ni tó ń jà, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú yóò bi bàbá. Lẹ́yìn tí bàbá bá ti kú, tí ọmọ ìyá kan ní pèrègún mìíràn ni bàbá fi han òun, ni ẹbí tó mọ̀ pé àwọn kò ní ìwé. Ẹbí tó ti pe awọnlẹ̀ nígbà tí bàbá ṣì ń rìn, tí bàbá fúnra rẹ̀ tọ́ka sí pèrègún náà tí wọ́n sì rì òpó sí i, kò ní lọ sí kóòtù lórí ààlà. Ohun tí Guido àti Lehtosalo ṣe ní Dropbox nìyẹn, nígbà tí àwọn tó mọ ààlà ṣì wà nílé.

Dropbox kò dá wà. Microsoft gbé TypeScript jáde ní oṣù Kẹwàá 2012, lábẹ́ Anders Hejlsberg, láti fi irú sára JavaScript. Facebook gbé Hack jáde ní 2014 fún òkè kóòdù PHP tó ti kó jọ. Stripe, iléeṣẹ́ ìsanwó tó ń kọ Ruby, ṣe Sorbet fún ara rẹ̀, ó sì fi í lọ gbogbo ayé ní 2019. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Stripe kan náà wá ra Paystack tiwa ní Èkó. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí tó ṣaláìní owó tàbí ọgbọ́n, gbogbo wọn ló sì dé ibì kan náà láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ara wọn: wọ́n kọ ìrántí sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ. Wọn kò sì da kóòdù àtijọ́ wọn nù kí wọ́n tó ṣe é.

ÌPELE KẸRIN: Ibi tí irú kò dé

Bí mo bá dúró síbí, mo ti tàn yín. Irú kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ gbogbo ewu.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní French Guiana. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá lójú ọ̀run. Ada ni wọ́n fi kọ ètò tó fà á, Ada sì wà lára àwọn èdè static tó le jù. Ètò náà fẹ́ kó nọ́ńbà onídẹ́símà tó gba ààyè bit 64 (òdo tàbí oókan kan ni bit) sínú ààyè bit 16, nọ́ńbà náà kò sì wọ ibẹ̀. Láti inú Ariane 4 ni wọ́n ti gbé kóòdù yẹn wá, níbi tí nọ́ńbà náà kì í ti í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Irú sọ pé nọ́ńbà ni. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un bí rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun yóò ṣe sáré tó.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1999, Mars Climate Orbiter ti NASA ṣègbé nígbà tó dé ẹ̀bá Mars, nítorí pé ètò kan lórí ilẹ̀ ń fi pọ́n-ùn ti ìwọ̀n Amẹ́ríkà ṣírò agbára, àwọn tó gba èsì rẹ̀ sì ń retí newton. Nọ́ńbà ni méjèèjì. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run nìkan ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba ₦5,000 nípasẹ̀ Paystack gbọ́dọ̀ fi 500000 ránṣẹ́, nítorí kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Náírà àti kọ́bọ̀, nọ́ńbà odidi ni méjèèjì lójú ẹ̀rọ, kò sì sí èdè static kan láyé tí yóò dá ẹni tó ṣì wọ́n mú fún ara wọn lẹ́kun, àfi bí ẹni náà bá ti jókòó dá irú kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Náírà àti òmíràn tó ń jẹ́ Kọ́bọ̀. Ibí yìí ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn static jà. Wọ́n gba irinṣẹ́ tó ń yẹ irú wò, wọ́n wá ń pe gbogbo nǹkan ní nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀. Ìmọ̀ náà ṣì wà nínú orí ènìyàn. A kàn kọ irú tí kò sọ nǹkan kan síwájú rẹ̀ ni.

Àìsí ohunkóhun pẹ̀lú ti pa ọ̀pọ̀ ètò. Ní 1965 ni Tony Hoare fi null sínú ALGOL W, kí orúkọ lè máà tọ́ka sí nǹkan kan. Ní 2009 òun fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe olówó bílíọ̀nù dọ́là. Java náà jogún rẹ̀. Rust, Kotlin àti TypeScript tí a bá tan ìṣọ́ra rẹ̀ sílẹ̀ ń fi ipá mú ni láti sọ ibi tí òfìfo ti lè wà.

TypeScript tún ní àbùkù kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo irú inú rẹ̀ ti pòórá. JavaScript ló kù. Ohun tó bá ti òde wọlé, láti ọwọ́ báńkì tàbí fóònù oníbàárà, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fúnra yín gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 2017, àwọn olùwádìí láti University College London àti Microsoft mú àṣìṣe 400 láti inú àwọn iṣẹ́ JavaScript tó wà ní gbangba, wọ́n padà fi irú sára kóòdù náà, wọ́n sì wo mélòó ni ìbá ti hàn. Ìdá 15 nínú 100. Àwọn kan ní ó kéré. Lójú tèmi, ó pọ̀, nítorí àwọn àṣìṣe wọ̀nyí ni èyí tó ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò, tó ti bọ́ lójú ẹni tó ka kóòdù, tó sì ti dé gbangba. Ṣùgbọ́n ìdá 85 tó kù wà níbẹ̀. Ìdánwò ni yóò mú wọn, tàbí ènìyàn tó ronú. Ìdánwò ń sọ̀rọ̀ nípa àpẹẹrẹ kan, ó sì mọ ìtumọ̀; irú ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo àpẹẹrẹ, kò sì mọ̀ ju àwòrán òde lọ. Iṣẹ́ ńlá tó bá sọ pé òun yóò mú ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀ ń gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

ÌPELE KARÙN-ÚN: Ìdájọ́

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ìwádìí tí ẹnìkan ń ṣe, tí yóò parí láàárín oṣù díẹ̀, ẹ lo Python, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ tuntun, tí ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ yóò pọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá bí owó àwọn ènìyàn bá wà níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè static láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ti gbọ́ ni kí ẹ mú. Èdè tó dára jù láyé tí ẹnìkan ṣoṣo gbọ́ nínú iléeṣẹ́ yóò tún sọ gbogbo nǹkan di ìrántí ẹnìkan.

Èyí tó pọ̀ jù nínú yín kò sí nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ ti ní PHP tàbí JavaScript tó ti pé ọdún márùn-ún, ó ń pa owó wọlé, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà yín. Ẹ má tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2006, Jeremy Siek àti Walid Taha fi hàn nínú ìwádìí wọn bí kóòdù tó ní irú àti èyí tí kò ní ṣe lè jọ gbé pọ̀, kí a máa fi irú kún un díẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà tí Dropbox àti Stripe gbà nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó ti ń kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí àwọn function tí gbogbo ènìyàn ń pè. Ẹ ṣe é ní òfin pé kóòdù tuntun kò gbọdọ̀ wọlé láìní irú, kí ẹ sì máa ka iye ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ any, irú tó ń gba ohunkóhun wọlé, láti fi sá fún iṣẹ́. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń yẹ irú wò yá; Dropbox ní láti ṣiṣẹ́ gidi lórí ìyára mypy, nítorí ohun tó bá ń fi àkókò ènìyàn ṣòfò, ènìyàn yóò wá ọ̀nà láti pa á.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí le ju bó ṣe rí ní San Francisco lọ. Ibẹ̀, ẹnjiníà tó bá fi iléeṣẹ́ sílẹ̀ lè wà ní òpópónà kejì. Tiwa, ó ti japa. Ó wà ní Toronto tàbí London, aago rẹ̀ kò bá tiwa mu mọ́, ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí lọ́hùn-ún kò sì jẹ́ kó lè wo kóòdù ẹlòmíràn. N kò bá àwọn ọmọ tó lọ wí; ẹni tó rí ọ̀nà ló ń tọ̀ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni ọmọ tó wọlé lẹ́yìn wọn, tí wọ́n fún ní kóòdù tí kò sí ẹni tó lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, tí wọ́n sì ń pè é ní òpè nítorí pé ó bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe òpè. Wọ́n gbé ilẹ̀ tí kò ní òpó lé e lọ́wọ́ ni. Níbi tí àwọn tó mọ̀ ti ń lọ lọ́dọọdún, ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè ṣọ́ kì í ṣe ohun ìní iléeṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, mo bẹ̀ yín: nígbà tí lẹ́tà ìfipòsílẹ̀ tó kàn bá dé orí tábìlì yín, ẹ má fi oṣù tó kù fún ẹni náà kó iṣẹ́ tuntun lé e lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó fi í kọ irú sára gbogbo ibi tí òun nìkan mọ̀, kí ẹ̀rọ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gba pápákọ̀ òfuurufú lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ní yunifásítì àti politẹ́kíníìkì, ẹ máa gbé kóòdù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó kọjá fún àwọn ti ọdún yìí láti tún ṣe, kí ẹ sì fi máàkì sí bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀.